Omi Ti Dúró, Bàbá

"Ọmọ́yẹni, máa bọ̀, wá bá mi ti omi lábẹ́ síǹkì yìí."

Bàbá Láyíwọlá ti ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Ó tẹ́ tówẹ̀lì àtijọ́ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ síǹkì, ó sì to irinṣẹ́ rẹ̀ lé e lórí lọ́kọ̀ọ̀kan: sípánà méjì, sukudiráfà kan, àti wáṣà dúdú mẹ́rin, rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ omi jò, tó fi òwú so pọ̀. Láti Abẹ́òkúta ló ti kó wọn wá sí Houston. Nígbà tí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù tú àpò rẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú, tí wọ́n bi í pé kí ni bàbá arúgbó ń fi sípánà ṣe, ó ní iṣẹ́ ọwọ́ òun ni, pé èèyàn kì í fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ nílé lọ sí àjò.

Ọmọ́yẹni, ọmọ ọmọ rẹ̀, dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Ó ti wọ bàtà tuntun, ojú fèrèsé ló sì ń wò.

"Bàbá, ṣé ó máa pẹ́?"

"Kí ni yóò pẹ́ níbẹ̀? Ti omi fún mi, kí o máa lọ gbafẹ́ rẹ."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyí tí Bàbá ti dé, láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ẹ̀rọ omi ilé ìdáná yẹn sì ti ń dà á láàmú. Ẹ̀rọ náà ní ọwọ́ méjì, ọ̀kan fún omi gbígbóná, ọ̀kan fún omi tútù, ṣùgbọ́n ẹnu kan ṣoṣo ni omi méjèèjì ń gbà jáde. Tó, tó, tó, tọ̀sán-tòru. Àwọn ará ilé kò tilẹ̀ gbọ́ ọ mọ́. Ládépọ̀, ọmọ Bàbá tó jẹ́ baba Ọmọ́yẹni, ti sọ fún Charles, ọkùnrin tó ń tún ilé ṣe fún gbogbo àwọn tó háyà ilé níbẹ̀. Charles ní òun ń bọ̀, ó sì ń bọ̀ títí. Bàbá kò lè fara dà á ní tirẹ̀. Ní àdúgbò rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ọjọ́ tí omi bá yọ ni ọjọ́ ọdún. Ó gbé abọ́ sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń jò náà. Bí abọ́ bá ti kún, á gbé e jáde lọ bomi rin òdòdó tí Rónkẹ́, ìyá Ọmọ́yẹni, gbìn síta, títí òdòdó ọ̀hún fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mu omi yó kú.

Púlọ́ńbà ni Bàbá. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló lò ní iléeṣẹ́ omi ìjọba, nígbà tó sì fẹ̀yìn tì, kò jókòó gẹlẹtẹ. Páìpù ta ló bẹ́, ẹ̀rọ ta ló yarọ, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń pè. Iṣẹ́ yẹn náà ló fi rán Ládépọ̀ wá sí Amẹ́ríkà wá kẹ́kọ̀ọ́ ẹnjiníà. Bí ó bá ń rìn ládùúgbò, àwọn ọmọdé a máa kí i pé, "Bàbá Olómi, ẹ kú iṣẹ́ o!"

"Wò ó," Bàbá tọ́ka sí abẹ́ síǹkì. "Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Páìpù méjì ló wà níbẹ̀ yẹn, kọ́ọ̀kì kékeré kan sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí o bá yí i sápá ọ̀tún, omi á dúró. Ti méjèèjì. Méjèèjì o! Tó bá yá, màá bi ọ́ pé, 'Omi dúró?' Bí ó bá ti dúró lóòótọ́, kí o wí pé, 'Omi ti dúró.' Bí àwa ṣe ń ṣe é lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn. Bí ẹni ìsàlẹ̀ bá ti dáhùn, ẹni òkè kì í tún un dán wò mọ́."

"Kí ló dé tí kì í dán an wò?"

"Ẹni tó bá dán an wò ti pe ẹnìkejì rẹ̀ ní òpùrọ́ nìyẹn. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, a kò dán an wò rí. Kò sì ṣe wá ní nǹkan kan."

Ọmọ́yẹni kò rí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí kan òun. Ọ̀dọ̀ Evelyn ni ọkàn rẹ̀ wà. Ọmọ kíláàsì rẹ̀ ni Evelyn, ẹ̀gbọ́n Evelyn lóbìnrin ti ní mọ́tò, wọ́n sì ń lọ sí mọ́ọ̀lù ńlá, ilé ìtajà tí wọ́n ti ń fi bàtà onírin yọ̀ lórí yìnyín. Láti ìgbà tí Ọmọ́yẹni ti wọ ilé ẹ̀kọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò pè é lọ sí ibikíbi rí, àfi ọjọ́ náà. Evelyn sì ti sọ ọ́ kedere pé bí àwọn bá tẹ fèrè lẹ́ẹ̀mẹta tí kò bá jáde, àwọn ti lọ nìyẹn.

Ó ra wọ abẹ́ síǹkì. Kọ́ọ̀kì omi tútù gbọ́ràn, ó yí i, ó kú. Ti omi gbígbóná ti dípẹtà. Ó yí i, kò yí. Ó fi aṣọ dì í mú, ó tún un yí, ara ọwọ́ rẹ̀ bó. Fèrè mọ́tò dún nísàlẹ̀.

"Ṣé kò le?" Bàbá bi í láti òkè.

Gbólóhùn kan péré ló kù: "Ó le, Bàbá." Ṣùgbọ́n Ọmọ́yẹni mọ Bàbá dáadáa. Bí òun bá lè sọ bẹ́ẹ̀, á kúnlẹ̀, á mú sípánà, á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn kọ́ọ̀kì kan tó le ju èyí lọ ní ilé òyìnbó kan báyìí, ìtàn náà á sì ní ọmọ àti ọmọ ọmọ. Fèrè dún lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní lọ́kàn rẹ̀ pé ọ̀kan ṣáà ti kú, bóyá ìyẹn náà tó.

Fèrè dún lẹ́ẹ̀kẹta.

"Omi dúró?" Bàbá pè.

"Omi ti dúró, Bàbá!"

"O ṣeun, ọmọ mi. Máa lọ."

Kí Bàbá tó mú sukudiráfà, Ọmọ́yẹni ti sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Kí mọ́tò wọn tó gorí fríwéè, títì márosẹ̀, ó ti gbàgbé.

Ó gbádùn ara rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ má jẹ́ ká parọ́. Ó ṣubú lórí yìnyín lẹ́ẹ̀mẹfà, wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ rọ̀ kí wọ́n tó gbé e padà. Bí ó ti ṣílẹ̀kùn ni omi yọ lábẹ́ bàtà rẹ̀ tuntun. Kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀ ti rin gbìndìn. Bàbá jókòó sórí àga, Rónkẹ́ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì sì ń tún báńdéèjì ọwọ́ ọ̀tún Bàbá dì láti orí ìka dé ìgbúnwọ́.

Bàbá ti tú ọwọ́ omi gbígbóná láti pààrọ̀ wáṣà rẹ̀. Bí sípánà ṣe yí i lẹ́ẹ̀kẹta ni omi tó ń hó bẹ́ jáde, ó sì bó o lápá. Ariwo rẹ̀ ló jí Ládépọ̀ lójú oorun ọ̀sán. Ìgbà tí Charles sáré wá ti omi gbogbo ilé náà láti ìta ni ọwọ́ tó ká a.

Charles ti padà wá pẹ̀lú irinṣẹ́ rẹ̀. Ó ti tún ẹ̀rọ náà ṣe láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó fi tọ́ọ̀ṣì han Ládépọ̀ pé kọ́ọ̀kì omi tútù nìkan ni wọ́n tì, pé ti omi gbígbóná kò mira rárá. Ó wá fi sùúrù sọ pé bóyá páìpù kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò ní ìlú tí bàbá náà ti wá. Kò sọ ọ́ láti fi pẹ̀gàn, ó sì kí wọn kó tó lọ.

"Bàbá, páìpù méjì ló wà níbẹ̀." Ládépọ̀ rọra sọ ọ́ bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀.

"Mo mọ̀ pé méjì ni! Irú ẹ̀rọ yìí náà ni mo ti ń fi sí ilé onílé kí wọ́n tó bí ìwọ gan-an. Mo sọ fún ọmọ yìí pé kó ti méjèèjì. Mo bi í, ó dá mi lóhùn."

Ládépọ̀ yíjú. "Ọmọ́yẹni, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Ọmọ́yẹni wo báńdéèjì náà. Ó wo ojú baba rẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá sọ òótọ́, mọ́ọ̀lù ti parí nìyẹn, Evelyn ti parí nìyẹn, ìyà tí òun yóò jẹ kò sì ní kéré. Ẹnu rẹ̀ yá ju ọkàn rẹ̀ lọ.

"Rárá, Daddy. Ọ̀kan ni wọ́n ní kí n tì."

"Ṣé wọ́n bi ọ́ kí wọ́n tó tú u?"

"Mi ò gbọ́ kí wọ́n bi mí ní nǹkan kan."

Bàbá wo ọmọ náà, kò sì sí ìbínú lójú rẹ̀. Ó dà bí ẹni tó ń fọwọ́ wá ohun kan nínú àpò, tó sì dá a lójú pé òun fi í síbẹ̀.

"Bóyá mi ò sọ ọ́ ni," ó ní. "Bóyá inú mi ló sọ ọ́, tí ẹnu mi ò sọ ọ́. Ládépọ̀, àgbà ti dé."

"Ẹ má ronú sí i, Bàbá," Rónkẹ́ wí. "Ẹ ti ṣiṣẹ́ tó láyé yín. Ẹ sinmi."

Láti ọjọ́ yẹn, Bàbá kò wọ ilé ìdáná mọ́, àfi bí wọ́n bá pè é wá jẹun. Bí ó bá jáde nínú yàrá, á padà lọ wò ó bóyá òun ti pa iná. Bí wọ́n bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, á bi wọ́n nínú mọ́tò pé, "Ṣé mo ti ilẹ̀kùn?" Wọ́n á ní ó tì í. Kí wọ́n tó dé ìkóríta, á tún bi wọ́n. Oṣù mẹ́ta ló fẹ́ lò tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe jinná, ó ní òun ń lọ sílé.

Lójoojúmọ́ ni Ọmọ́yẹni ń sọ fún ara rẹ̀ pé lọ́la ni òun máa jẹ́wọ́. Ní pápákọ̀ òfuurufú, Bàbá fi ọwọ́ tí àpá wà lára rẹ̀ yẹn lé e lórí, ó súre fún un. Ọmọ́yẹni ṣe àmín, kò sì jẹ́wọ́.

Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, lẹ́tà Àǹtí Mojí, àbúrò Ládépọ̀, dé láti Abẹ́òkúta. Ládépọ̀ kà á sókè nídìí oúnjẹ. Àǹtí Mojí ní ara Bàbá le, ṣùgbọ́n ó ti kó gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀ fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́. Bí wọ́n bá wá pè é pé páìpù bẹ́, á ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn lọ, pé òun ò gbẹ́kẹ̀ lé orí òun mọ́, kí òun má lọ pa ọmọ ọlọ́mọ. "Kí ló ṣe Bàbá lọ́hùn-ún?" ni Àǹtí Mojí fi parí lẹ́tà náà. "Ẹni tó lọ kọ́ ló padà dé."

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ Ọmọ́yẹni. "Daddy, wọ́n sọ ọ́," ó ní. "Wọ́n sọ pé méjì. Wọ́n bi mí, mo sì dáhùn. Èmi ni mo parọ́." Ẹkún kò jẹ́ kó lè parí rẹ̀.

Ládépọ̀ kò nà án, kò tilẹ̀ pariwo. Ó gbé orí lé ọwọ́. "Bàbá mi sọ ọ́ fún mi," ó ń wí ṣáá, "mi ò gbà á gbọ́. Bàbá mi fúnra rẹ̀!" Ọmọ́yẹni ì bá kúkú gba ẹgba.

Nígbà náà, èèyàn kì í kàn gbé fóònù kó pe Nàìjíríà. Ilé ọ̀gbẹ́ni Ọládọ̀tun, aládùúgbò Bàbá, ni fóònù wà, wọ́n sì ní láti kọ́kọ́ kọ̀wé ránṣẹ́ kí Bàbá lè wà níbẹ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi kan báyìí. Nígbà tí ọjọ́ pé, wọ́n pè é títí ó fi wọlé. Ládépọ̀ kọ́kọ́ tọrọ àforíjì tirẹ̀, ó wá gbé fóònù fún ọmọ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ kúulé o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Ẹ sọ fún mi pé kí n ti méjèèjì. Orí yín pé. Èmi ni mo parọ́ mọ́ yín."

Ẹ̀rín Bàbá dún wá láti ọ̀nà jíjìn, ẹ̀rín jẹ́ẹ́jẹ́ kan báyìí.

"O ṣé, ọmọ mi. Baba rẹ ló ní kí o sọ bẹ́ẹ̀, àbí? Mojí ti kọ̀wé sí yín nìyẹn. Ẹ fẹ́ tù mí nínú ni. Ọmọ dáadáa ni ọ́."

"Rárá, Bàbá! Mo fi Ọlọ́run búra, òótọ́ ni!"

"Ó dáa, ó dáa, mo ti gbọ́. Ẹ̀rọ yẹn ńkọ́? Ṣé kò jò mọ́?"

"Kò jò mọ́, Bàbá."

"Ìyẹn ló dára." Ibẹ̀ ni fóònù já sí.

Ọmọ́yẹni kọ lẹ́tà. Yorùbá rẹ̀ kò já gaara, síbẹ̀ ó kọ ọ́, oṣooṣù ló ń kọ ọ́, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì ń tún sọ. Bàbá ń fèsì, Àǹtí Mojí ló ń bá a kọ ọ́. Àdúrà ló ń kún inú rẹ̀. Kò sí lẹ́tà kankan tí Bàbá ti sọ pé òun gbà á gbọ́, kò sì fọwọ́ kan sípánà mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Wọ́n máa ń sọ fún wa pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òótọ́ ni òwe náà. Ti Ọmọ́yẹni kò tilẹ̀ tó oṣù mẹ́fà tí òtítọ́ fi lé e bá. Àmọ́ nígbà tí òtítọ́ yóò fi dé, irọ́ ti gba ọwọ́ lọ́wọ́ arúgbó kan, ó sì ti gba orí rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, bí ẹ bá ṣe àṣìṣe, ẹ tètè sọ ọ́, lójú ẹsẹ̀ ni kí ẹ sọ ọ́, bí ìyà rẹ̀ tilẹ̀ tóbi. "Ó le, Bàbá" ni ọ̀rọ̀ náà nígbà tí ọ̀ràn ṣì wà ní kékeré. Kò sí ohun tí Ọmọ́yẹni kò ní fi sílẹ̀ lónìí kí ó lè padà sábẹ́ síǹkì yẹn lọ sọ ọ́.