Aṣọ Òkú Lára Alààyè

Èéfín omi gbígbóná ló kọ́kọ́ jáde kí ọkùnrin náà tó yọ. Ó ti ilé ìwẹ̀ bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé àlejò, ara rẹ̀ pọ́n bí akàn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ̀, aṣọ ìwẹ̀ gígùn tí a ń pàdé láyà wà lára rẹ̀, aṣọ ìnura kékeré jókòó sí orí rẹ̀ bí òṣùká, yìnyín sì ń já bọ́ nínú ọgbà lẹ́yìn rẹ̀. Tomoe, ọmọbìnrin onílé náà, gbé àwo ẹja dání, ó ń wo àyà ọkùnrin náà.

Ẹ má dá a lẹ́bi. Èmi arúgbó tó ń pìtàn yìí, bí mo bá wọ omi báyìí, ìdajì omi ló ń sá jáde fún ìdí mi, síbẹ̀ ojú mi kò tíì fẹ̀yìn tì.

Àfi bí ojú Tomoe ṣe dé ibi tí aṣọ ìwẹ̀ náà ti pàdé láyà, tí ọkàn rẹ̀ já. Apá ọ̀tún ló wà lókè, apá òsì ló wà lábẹ́. Nílẹ̀ wa, òkú là ń wọ̀ láṣọ bẹ́ẹ̀; òsì alààyè ló ń wà lókè.

Ọkùnrin yìí, Kensaku lorúkọ rẹ̀, dá nìkan wá ni, láìsí aya, láìsí ọ̀rẹ́. Ilé àlejò orí òkè máa ń bẹ̀rù irú wọn, nítorí àwọn kan ń wá wẹ ìwẹ̀ ìkẹyìn kí wọ́n tó bẹ́ sí àfonífojì. Ó ti ṣẹlẹ̀ nílé Tomoe rí, ó sì pẹ́ kí àlejò tó tún tẹ ẹnu ọ̀nà wọn. Bó bá tún ṣẹlẹ̀, ilé á tì.

"Lé e lọ," ni Hatsu, ìyá Tomoe, wí nínú ilé ìdáná. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú apá òsì màmá náà, ṣùgbọ́n kò rí ẹnu rẹ̀ mú.

"Màmá, ó jẹ abọ́ ìrẹsì mẹ́ta. Ẹni tó fẹ́ kú kì í jẹun bẹ́ẹ̀."

"Ẹni tó ń lọ ọ̀nà jíjìn ló ń yó kó tó gbéra."

"Ẹ wá sọ fún un pé aṣọ rẹ̀ kò dáa."

"Kí n dárúkọ òkú sí àlejò létí? Ìwọ lọ sọ ọ́."

Kò sí ẹni tó lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Kensaku béèrè ọ̀nà àfonífojì, níbi tí omi ti ń já láti orí àpáta.

"Afárá ti já," ni Tomoe parọ́.

"Mo rí i láti ojú fèrèsé. Ó dúró gbọnyin."

"Ó dúró, ṣùgbọ́n kò ṣeé fọkàn tán."

"Bíi tèmi nìyẹn?" Ó rẹ́rìn-ín, ó sì lọ.

Tomoe tẹ̀ lé e, ó ń sá pamọ́ láti igi dé igi.

"Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ṣọ́ mi," ni ọkùnrin náà bojú wẹ̀yìn wí, "agbòjò pupa yín yọ lẹ́yìn igi."

"Igi ni mò ń wò."

"Ṣé igi á gbà kí n bá yín pín agbòjò?"

Wọ́n jọ dúró wo omi náà, tí òtútù ti mú dì mọ́ àpáta. Omijé bọ́ lójú Kensaku. Tomoe di apá aṣọ rẹ̀ mú ṣinṣin.

"Yíyọ̀ ṣubú ni mò ń bẹ̀rù," ni Tomoe sọ.

"Kí n má yọ̀, àbí kí n má lọ?"

Tomoe kò jọ̀wọ́ apá aṣọ náà. Ìfẹ́ ti ń wọlé, ìfura kò sì tíì jáde.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ooru omi mú Hatsu dákú nínú ilé ìwẹ̀ obìnrin. Tomoe lọgun. Kensaku sáré dé, ó di ojú ní ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ fi aṣọ bò wọ́n, kí ẹ júwe ibi tí wọ́n wà fún mi!"

Wọ́n jọ gbé e jáde. Kensaku wá kúnlẹ̀ níwájú màmá náà. Apá tó rọ ló kọ́kọ́ kì bọ aṣọ, kó tó mú èyí tó dáa. Ó fi òsì lé ọ̀tún bó ṣe yẹ, ó so ọ̀já sí ẹ̀gbẹ́ kí kókó rẹ̀ má baà gún un lẹ́yìn.

Hatsu lajú. "Ta ló kọ́ ọ?"

"Ìyá mi ni, Màmá. Irú àìsàn yìí náà ni. Èmi ni mo wọṣọ fún wọn títí wọ́n fi lọ, nígbà tí ewé ń rẹ̀. Ibí ni bàbá mi mú wọn wá lẹ́yìn ìgbéyàwó. Wọ́n fẹ́ tún rí omi yẹn nígbà tó bá dì. Mo wá bá wọn wò ó ni."

"Kí ló wá dé tí o fi ń múra bí òkú?"

Kensaku wo àyà ara rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni pé ènìyàn dúró níwájú rẹ̀. Ẹni tó bá kọjú sí ẹlòmíràn wọ̀ ọ́ láṣọ, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló ń mú apá òsì onítọ̀hún wá sókè; bó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ara rẹ̀, apá ọ̀tún ni yóò wà lókè.

"Ara ìyá mi lọwọ́ mi mọ̀," ló wí. "Kò mọ tèmi." Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún.

Tomoe na ọwọ́ tú ọ̀já rẹ̀, ó yí aṣọ náà padà.

"Ọmọ yìí! Níwájú mi!"

"Ẹ di ojú, Màmá."

Kensaku lọ, ó sì ń padà wá. Ó padà wá nígbà òdòdó, ó padà wá nígbà òjò. Ó ti tọrọ Tomoe, Tomoe ti gbà. Hatsu nìkan ló ń fojú ìfura wò ó.

"Kí lo tún gbàgbé síbí?"

"Ọmọ yín ni, Màmá."

"Hùn."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó ń lọ wẹ̀. Hatsu na ọ̀pá dí ọ̀nà.

"Níbo lò ń lọ?"

"Ilé ìwẹ̀, Màmá."

"Àwọn àlejò ò tíì wẹ̀ tán. Jókòó. Ará ilé ló ń wẹ̀ kẹ́yìn."

Kensaku, tó ti ń wẹ̀ pẹ̀lú àwọn àlejò látẹ̀yìnwá, rọra jókòó sórí àtẹ̀gùn. Nínú ilé ìdáná, Tomoe fi aṣọ bo ẹ̀rín mọ́lẹ̀ lẹ́nu. Ó jáde, ó jókòó tì í, èjìká kan èjìká.

"Àyànfẹ́, omi á ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ kó tó kàn wá."

"Á dáa," ni Kensaku wí. "Màá dúró."