Àyè Tí Ṣùkúrát Kò Yọ̀ǹda

Lọ́dún 2003, kọ̀ǹpútà kan péré ló ń ṣiṣẹ́ nínú káfè kan ní Ìkọ̀lé. Múyìwá ló jókòó sídìí rẹ̀ nígbà tí Ṣùkúrát wọlé. Ọmọbìnrin náà yọjú wo ohun tó ń kọ, àyà rẹ̀ sì já. Fọ́ọ̀mù tí òun náà tìtorí rẹ̀ wá láti Ìjẹ̀ṣà-Iṣu ni. Ilé ìwádìí kan n'Ìbàdàn fẹ́ mú akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì márùn-ún péré ní gbogbo Nàìjíríà, kí wọ́n wá bá wọn ṣiṣẹ́ nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ.

“Ọ̀gbẹ́ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe kíá,” ó wí. “Èmi náà ń wá àyè yẹn.”

Múyìwá rẹ́rìn-ín, ó dìde fún un. “Ẹ kọ́kọ́ fi tiyín ránṣẹ́ kí iná tó lọ. Bí mo bá máa borí yín, kì í ṣe iná ni yóò bá mi borí yín.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Ṣùkúrát lára. Láti ọjọ́ náà ni Múyìwá ti ń gun ọ̀kadà láti Ìpáò wá bá a ní Ìjẹ̀ṣà-Iṣu. Wọn a máa jiyàn lórí ohun tó ń mú iṣu jẹrà, tí Ṣùkúrát fẹ́ ṣèwádìí rẹ̀, àti lórí àrùn kòkó, tí Múyìwá yàn. Ìfẹ́ wọ inú iyàn náà, wọ́n sì pinnu láti fẹ́ra, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Mùsùlùmí ni Ṣùkúrát, tí Múyìwá sì jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì.

Nígbà tí èsì dé, Ṣùkúrát wà lára àwọn márùn-ún. Múyìwá ni ẹni kẹfà: bí ẹnì kan bá yẹ̀, òun ni wọn yóò mú.

Ọjọ́ kẹta, ìyá Múyìwá dé sílé Bùsàrí, bàbá Ṣùkúrát.

“A ò ka ti ẹ̀sìn sí,” ó wí. “Ṣùgbọ́n ọmọ mi ni yóò gbọ́ bùkátà ulé. Kí Ṣùkúrát yọ̀ǹda àyè yẹn fún un. Bí kò bá yọ̀ǹda, kò sí ìgbéyàwó.”

Bùsàrí wo ọmọ rẹ̀. “Fún un. Ilé ọkọ lò ń lọ.”

Ṣùkúrát kúnlẹ̀, nítorí pé àgbà ni wọ́n. “Ẹ má bínú, mà. Bàbá, ẹ má bínú. Mi ò ní yọ̀ǹda. Bí mo bá yọ̀ǹda èyí, kí ni mi ò ní yọ̀ǹda mọ́?”

Ó gun ọ̀kadà, ó di Ìpáò. Ó bá Múyìwá níbi tó ti ń sá kòkó.

“Ṣé ìwọ lo rán ìyá rẹ sí wa?”

“Mi ò rán wọn.” Ó fọwọ́ tú kòkó náà ká. “Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní àwọn ń lọ, mi ò dá wọn dúró.”

Ọ̀rọ̀ náà dun Ṣùkúrát ju ẹ̀gún lọ. “Èmi ń lọ Ìbàdàn. Bí o fẹ́ mi, bí o kọ̀ mí, mò ń lọ.”

Lọ́jọ́ tó ń lọ, Múyìwá wá bá a ní gáréèjì Ìkọ̀lé, ó na ìwé kan sí i. Ẹ̀dà lẹ́tà tó kọ sí ilé ìwádìí náà ni: ó ní kí wọ́n yọ orúkọ òun kúrò.

“Bí o bá yẹ̀ báyìí, ẹlòmíràn ni wọn yóò mú,” ó wí. “Kò sẹ́ni tó lè fi orúkọ mi bẹ̀ ọ́ mọ́. Mo sì ti sọ fún ìyá mi: ìwọ ni, tàbí kí n má fẹ́ ẹnì kankan.”

“O pẹ́ kí o tó sọ ọ́.”

“Mo mọ̀, àyànfẹ́ mi. Máa lọ. Lọ borí wọn.”

Omi bọ́ lójú Ṣùkúrát, ṣùgbọ́n ó wọ mọ́tò.

Lẹ́yìn ọdún méjì, wọ́n ṣègbéyàwó ní kóòtù. Nígbà tí wọ́n padà délé fún àsè, àgbà kan nínú ẹbí ọkọ dìde, ó gbàdúrà pé kí Ọlọ́run fún ìyàwó ní ọkàn tí yóò máa yọ̀ǹda ohun gbogbo fún ọkọ rẹ̀.

Gbogbo ilé ṣe àmín. Ṣùkúrát kò ṣe é. Ó gbórí sókè, ó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Múyìwá náà pa ẹnu rẹ̀ dé.