Gìtá Méjì ní Òpópónà Kan

Ọ̀sán gangan ni, gbogbo ìlú Cienfuegos ń tòògbé. Iná ti lọ ní apá kejì òpópónà wa, àmọ́ apá tèmi, níbi tí mo ti ń tún fáànù àti rédíò ṣe, ṣì ní iná. Mo gbójú sókè, mo rí wáyà kan tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti bákónì iwájú, ọ̀dọ́bìnrin kan dì í mú lókè.

“Ará iwájú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ki èyí bọ iná yín!”

“Kí lẹ fẹ́ lò? Bó bá jẹ́ áyọ́ọ̀nù, wáyà yẹn á yọ́ o.”

“Gìtá ni.”

“Ṣé gìtá oníná?”

“Rárá o, oníkẹrosíìnì ni!”

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo fún un ní wáyà tó nípọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta gìtá. Ohùn gìtá náà fẹ́ wọlé tọ̀ mí wá bí atẹ́gùn etí òkun. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ọkàn mi fà sí i, mi ò ní purọ́.

Yamira lorúkọ rẹ̀. Òun àti bàbá rẹ̀, Bàbá Evaristo, ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé àdúgbò ni. Èmi náà ti kọ́ ara mi ní gìtá, bí mo ṣe kọ́ ara mi níṣẹ́ iná. Kò pẹ́ tí a fi bẹ̀rẹ̀ àwo orin kan ní ṣọ́ọ̀bù mi: gìtá méjì, orin méje, láìsí akọrin.

Àmọ́ iná ń mú kí gìtá rẹ̀ máa kùn bí oyin, tèmi náà ń kùn, ó sì ń ba orin jẹ́. Mo tú wáyà bàbà tín-ín-rín inú rédíò kan, mo wé e yí òòfà tó ń gba ohùn okùn gìtá tèmi ká nígbà ẹgbẹ̀rún mẹ́fà, lódì sí bí ti gìtá rẹ̀ ṣe yí, mo sì dojú òòfà náà dé. Ọjọ́ mẹ́rin ló gbà mí. Nígbà tí a ki gìtá méjèèjì bọ ẹ̀rọ kan náà, kíkùn ọ̀kan pa ti èkejì. Kẹ́kẹ́ pa.

Yamira gbé ọwọ́ lé ọwọ́ mi. “Olólùfẹ́ mi, ibo ló gbà lọ?”

Láti ìgbà yẹn, ọ̀sán wa dà bí àlá. A ó máa ta gìtá títí oòrùn á fi rọra kúrò lára ògiri, a ò ní mọ̀.

Orin mẹ́fà ti parí nígbà tí físà rẹ̀ dé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó wà ní Madrid ló ṣètò rẹ̀.

“Tí ẹ bá ti gba orin keje sílẹ̀, ó ń lọ nìyẹn,” Bàbá Evaristo sọ fún mi. “Mi ò tọ́ ọmọ fún atúnfáànù-ṣe.”

“Mo gbọ́, Bàbá.”

Lọ́jọ́ kejì, mo yọ fíúsì ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá wa jáde. Mo sọ fún Yamira pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́, pé mo ń wá ohun tí màá fi tún un ṣe. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi “wá” a. Ẹ̀rù ló ń bà mí: bí orin bá ti parí, yóò bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, mo wọlé, mo bá Yamira tó ti tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà.

“Osniel, ta ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wo inú ẹ̀rọ?”

“Èmi ni.”

“O wá rò pé mi ò ní wò ó? Fíúsì dà?”

Mo fà á yọ nínú àpò mi. Ojú tì mí.

“Òpùrọ́! O lè wé wáyà nígbà ẹgbẹ̀rún mẹ́fà, o ò lè la ẹnu lẹ́ẹ̀kan? Bàbá mi ti sọ tiwọn, ẹ̀gbọ́n mi ti sọ tiẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi èmi.”

“Yamira, má lọ. Ṣé wàá fẹ́ mi?”

“Dá fíúsì padà ná.”

A ta orin keje. Ó gùn, ó rọra ń lọ bí ọkọ̀ ojú omi tí okùn rẹ̀ tú. Yamira ta ohùn tó gbẹ̀yìn, ó dúró títí ohùn náà fi pòórá.

“Bẹ́ẹ̀ ni,” ó ní. “Àmọ́ ìwọ lo máa sọ fún bàbá mi. Lónìí, lójú mi.”

A jọ sọdá. Bàbá Evaristo ń bu kọfí sínú ife méjì, tiwọn àti ti ọmọ wọn. Mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan irọ́ tí mo pa.

Bàbá Evaristo yẹ inú ìkòkò kọfí wò. “Kọfí tí ìjọba pín fún wa lóṣù yìí ti tán. Kò tó ẹni mẹ́ta.”

“Kò sí wàhálà, Bàbá. Mi ò mu.”

“Ta ló bi ọ́? Jókòó.”

Wọ́n dìde, wọ́n wá ife kan sí i, wọ́n da ìdajì tiwọn sínú rẹ̀, wọ́n sì tì í síwájú mi.