Àkísà Ẹnu Àpò Fàtímọ̀

Nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ ní Lálúpọn ni Lìádì ti kọ́kọ́ rí Fàtímọ̀, ní ọdún 1993. Ó bá a gbé àpò ẹ̀gẹ́ rù, omi rẹ̀ dà sí i láṣọ, ọmọge bú sẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti wọlé. Kí ọdún tó yí po, àwọn ẹbí ti dá ọjọ́ Jímọ̀ tí wọ́n máa lọ tọrọ ọmọ.

Lọ́jọ́ Àtàlátà ọ̀sẹ̀ náà gan-an, Lìádì gba ibi tí wọ́n ti ń fún ẹ̀gẹ́ kọjá. Ó rí àpò Fàtímọ̀, ó sì rí àkísà aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi so ẹnu rẹ̀. Bùbá Roheem, ọkùnrin tó ń lọ ẹ̀gẹ́! Bùbá tó wọ̀ lọ́jọ́ Iléyá!

Owú gbé Lìádì wọ̀. Lójú tirẹ̀, ojú òun ló ṣẹ̀ṣẹ̀ là.

“Ìyá mi, ẹ ránṣẹ́ sí wọn. Mi ò fẹ́ ọmọ yẹn mọ́.”

“Ṣé o bi í léèrè?”

“Mo fojú ara mi rí i!”

Kí ló rí? Àkísà. Síbẹ̀, ìyá ránṣẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, owú tún wọ́ ọ padà síbẹ̀. Arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Àpèkẹ́, tí kò léyín kan lẹ́nu mọ́, jókòó ti àpò tirẹ̀. Àkísà aláwọ̀ ewé kan náà ló wà lẹ́nu rẹ̀.

“Ìyá, ta ló so èyí fún yín?”

“Roheem ni. Bùbá ẹ̀ tó gbó ló ń ya so mọ́ gbogbo ẹ̀gẹ́ tó bá lọ lọ́jọ́ Àtàlátà, kó má baà dàpọ̀ mọ́ ti ọjọ́ míì. Àbí o rò pé ó fẹ́ fẹ́ mi ni?”

Ojú ti Lìádì. Ibẹ̀ ló wà tí Fàtímọ̀ fi dé, ojú rẹ̀ wú fún ẹkún. Lìádì rojọ́ ara rẹ̀ fún un látòkèdélẹ̀.

“Tó bá jẹ́ àpò tèmi nìkan ni Roheem so ó mọ́ ńkọ́?”

“Ó ṣì yẹ kí n bi ọ́. Ẹ̀bi mi nìyẹn. Olólùfẹ́ mi, dárí jì mí.”

“O dójú ti bàbá mi. Ìwọ fúnra rẹ ni kó lọ bá wọn, kì í ṣe ìyá rẹ.”

“Màá lọ báyìí.”

Lìádì fa apá bùbá ara rẹ̀ ya, ó so ó mọ́ ẹnu àpò Fàtímọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Roheem.

“Aṣọ tó ya yìí lo máa wọ̀ lọ síwájú bàbá mi?”

“Òun náà ni. Tí wọ́n bá bi mí, màá ṣàlàyé.”

Fàtímọ̀ ò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Ọjọ́ Jímọ̀ kò yẹ̀.