Ọgbà Orí Ilé Sàlámì Onímọ́tò

Nígbà tí obìnrin kẹta láti Ọ̀tan Ayégbajú béèrè lọ́wọ́ Àmínátù pé níbo ni wọ́n ń gbà lọ sí ọgbà Ọ̀ṣunfúnkẹ́, Àmínátù ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ọgbà Ọ̀ṣunfúnkẹ́ kẹ̀? Ta ló ni ilé? Ṣé kì í ṣe Sàlámì Onímọ́tò, baba tirẹ̀, ló kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí àárín ìlú Ìlá, tí kò fi páànù bò ó, tó jẹ́ pé sìmẹ́ńtì ló fi tẹ́ orí rẹ̀ pẹrẹsẹ bí àgbàlá? Ó fi ẹnu júwe àtẹ̀gùn fún obìnrin náà, ó sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ọdún 1956 ni. Àwọn ọmọbìnrin méjèèjì jọ wà ní kíláàsì kan náà, bẹ́ǹṣì kan ni wọ́n sì jọ ń jókòó lé. Ọ̀ṣunfúnkẹ́, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ olórìṣà tó ń gbin ẹ̀fọ́ létí odò, ló bẹ Sàlámì pé kí ó jẹ́ kí òun lo orí ilé náà. Ó kó táyà ọkọ̀ tó ti gbó àti ìkòkò tó ti sán gòkè, ó ru erùpẹ̀ sínú wọn, ó gbin òdòdó, tẹ̀tẹ̀ àti tòmátì, ó sì jẹ́ kí elégédé fà yí etí ilé ká. Kí ọdún tó yípo, àwọn èèyàn ti ń ti Iresi àti Ire wá wò ó lọ́jọ́ ọjà. Wọn a jókòó sáàárín òdòdó, wọn a máa wo gbogbo ìlú nísàlẹ̀.

Ohun tó dun Àmínátù jù ni ẹnu baba rẹ̀. Nígbà tí ó gba ipò kìíní nínú ìṣirò, "Ó dáa" nìkan ni baba rẹ̀ sọ. Ṣùgbọ́n bí oúnjẹ bá délẹ̀ báyìí, ọ̀rọ̀ Ọ̀ṣunfúnkẹ́ ni: ọmọ tó mọ iṣẹ́, ọmọ tí kì í ṣọ̀lẹ. Àmínátù a dìde nídìí oúnjẹ.

Àfi bí tíṣà wọn, Ọ̀gbẹ́ni Sámúẹ́lì, ṣe kéde pé ọ̀gá iṣẹ́ àgbẹ̀ kan ń bọ̀ láti Òṣogbo. Yóò wo ọgbà náà, yóò sì mú ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí yóò lọ kọ́ iṣẹ́ ọgbà ní Ìbàdàn lọ́fẹ̀ẹ́. Gbogbo kíláàsì ló yíjú sí Ọ̀ṣunfúnkẹ́. Ìlara gbóná láyà Àmínátù bí ẹni jẹ ata.

Ọyẹ́ ti dé nígbà yẹn, kànga sì ti gbẹ. Lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́, Ọ̀ṣunfúnkẹ́ a máa bu omi àlùwàlá tó ṣàn sínú kòtò sìmẹ́ńtì lẹ́bàá mọ́sálásí, a sì gbé e lọ bomi rin ọgbà rẹ̀. Àmínátù mọ ohun tó ń fi í ṣe dáadáa. Síbẹ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú baba rẹ̀.

"Bàbá, omi àlùwàlá yín ni Ọ̀ṣunfúnkẹ́ ń gbé lọ fi bọ òrìṣà ìyá rẹ̀ lórí ilé yín."

Sàlámì kò béèrè ẹ̀ẹ̀kejì. Ẹ̀rù ohun tí àwọn ará mọ́sálásí yóò sọ bà á. Ó ti ilẹ̀kùn àtẹ̀gùn, ó ní Ọ̀ṣunfúnkẹ́ kò gbọdọ̀ gòkè mọ́, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ pé kí ó máa pọnmi odò rin ọgbà náà títí àlejò yóò fi dé. Inú Àmínátù dùn. Ọgbà ti di tirẹ̀.

Ó pọnmi lọ́jọ́ kìíní. Ó pọnmi lọ́jọ́ kejì, ọrùn ń ro ó, àtẹ̀gùn kò sì lópin. Lọ́jọ́ kẹta, ó ní òdòdó kì í kú nítorí ọjọ́ kan. Ọjọ́ kan di mẹ́wàá.

Nígbà tí ọ̀gá iṣẹ́ àgbẹ̀ gòkè, òun àti tíṣà àti Lèmọ́mù mọ́sálásí, pẹ̀lú Sàlámì àti ọmọ rẹ̀, koríko gbígbẹ ni wọ́n bá. Elégédé ti rọ lulẹ̀. Àlejò béèrè ọmọ tó dá ọgbà náà sílẹ̀, ni Sàlámì bá fi ìtìjú ṣàlàyé ọ̀rọ̀ omi àlùwàlá.

Lèmọ́mù kọjú sí i. "Sàlámì, èmi ni mo ní kí ọmọ náà máa bu omi yẹn, kí ó má baà máa ṣòfò. Èmi fúnra mi ti gòkè wo ohun tó ń fi í ṣe. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni."

Gbogbo ojú wá bọ́ sára Àmínátù. Ọ̀gá iṣẹ́ àgbẹ̀ ní òun kò lè fi ọgbà tó kú ṣe ẹ̀rí fún ẹnikẹ́ni lọ́dọ̀ àwọn tó rán òun. Ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó sì gba Ọ̀tan lọ, níbi tí wọ́n ti ní ọmọ mìíràn tí yóò mú.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Àmínátù lọ bá Ọ̀ṣunfúnkẹ́ létí odò. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì sunkún. Ọ̀ṣunfúnkẹ́ ń to ẹ̀fọ́ sínú apẹ̀rẹ̀, kò dáwọ́ dúró.

"Mo ti gbọ́. Mo sì ti dárí jì ọ́," ó wí. "Ṣùgbọ́n ìdáríjì mi kò lè gbé mi dé Ìbàdàn."

Àmínátù rọra padà sílé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́ kì í ṣeé kó. Ẹni tó bá fi ìlara gba ohun tí ẹlòmíràn fi òógùn ṣe lè gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè gba ọwọ́ tó ṣe é. Nígbà tó bá sì fẹ́ tún un ṣe, ó lè ti pẹ́ jù fún ẹni tí a ṣẹ̀.