Pupa Tí Kò Sí Nínú Ìwé Àwọ̀

Ọkùnrin oníṣòwò sìmẹ́ǹtì náà ní òun kàn wá wòran ni. Ó tiẹ̀ sọ fún dírẹ́bà rẹ̀ pé kó má paná ọkọ̀, pé òun ò ní pẹ́. Àmọ́ bó ti wọlé, tí ojú rẹ̀ bá ọkọ̀ pupa tó wà láàárín gbọ̀ngàn, ṣe ló dúró gbagidi bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀ nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ tútù ti ń fẹ́ láti àárọ̀.

"Èló ni?"

Ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀, tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè ní Ẹlẹ́nu-Oyin, dárúkọ ìlọ́po mẹ́ta iye tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà dá lé e.

Ọkùnrin náà ò ná an. "Ẹ mú ìwé wá." Ẹ̀ẹ̀mejì ni bírò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ń buwọ́ lu ojú ewé kejì lọ́wọ́ nígbà tí fóònù Ẹlẹ́nu-Oyin dún. Láti gáréèjì tó wà ní òdìkejì títì ni, níbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti ń ṣiṣẹ́ mẹkáníìkì. Ó wo fóònù. Ó wo oníbàárà. Ó ku ojú ewé mẹ́ta. Ó dojú fóònù bolẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

Nígbà tó fi máa gbé e, wọ́n ti gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí ọsibítù. Ó kàn ṣubú lulẹ̀ nídìí ẹ́ńjìnnì ni, kò sí ohun tó kọlù ú.

Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ilé ìtajà tí Ẹlẹ́nu-Oyin ti ń ṣiṣẹ́ kì í ṣe ibi tí èèyàn ti ń ra ọkọ̀ tí yóò fi gbé ọmọ lọ sílé ìwé. Ogún péré ni wọ́n ṣe irú ọkọ̀ yìí fún gbogbo ayé. Ó fẹ̀, ó rẹlẹ̀, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa lá ilẹ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ń gbéra sókè bí apá ẹyẹ tó fẹ́ fò. Olówó ò kàn lè wọlé kó rà á. Màdáámù tó ni ilé ìtajà náà ní òfin tirẹ̀: ẹni tó bá fẹ́ ọ̀kan nínú ogún gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ra méjì lára àwọn tí ọjà wọn ò yá, kó san àsansílẹ̀, kó dúró de ìgbà tí wọ́n bá pè é, kó sì máa dúpẹ́. Wọn kì í kọ iye sára ọkọ̀. Tí oníbàárà bá ń ṣe iyèméjì, wọ́n á ní ẹlòmíì ń bọ̀ wá wò ó láago mẹ́rin. Kò sí ẹni tó ń bọ̀ láago mẹ́rin. Wọ́n á bi í pé àwọ̀ òwú wo ló fẹ́ kí wọ́n fi rán àga, torí ẹni tó bá ti yan òwú ti di ọlọ́kọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀.

Ẹlẹ́nu-Oyin mọ gbogbo ọgbọ́n yìí ní àmọ̀dunjú. Síbẹ̀, oṣù méje gbáko, kò ta ẹyọ kan. Ọkọ̀ aláwọ̀ eérú tí wọ́n fi sábẹ́ àbójútó rẹ̀, ọ̀kan nínú ogún náà, jókòó sójú kan títí eruku fi fẹ́ sọ ọ́ di tirẹ̀.

Màdáámù kì í pariwo. Ẹni ọgọ́ta ọdún ni, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú. Ó pè é wọlé, ó ní kó jókòó.

"Ọmọ mi, ẹnu rẹ dùn. Ṣùgbọ́n ẹnu dídùn kì í san owó iná. Ìparí oṣù yìí ni mo fún ẹ."

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà. Èmi ni mo ń gbọ́ bùkátà ìyá mi."

"Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ràn ẹ́ lọ́wọ́." Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nù ún. "Ọkọ̀ yẹn ò lẹ́bi, àwọ̀ rẹ̀ ló lẹ́bi. Gbé e lọ bá Baba Pénítà. Ohunkóhun tó bá ní kó o mú wá, mú un wá. Má wulẹ̀ wá sọ fún mi o."

Ọ̀sán gangan ni ó dé ọ̀dọ̀ Baba Pénítà. Oòrùn ń ta janjan níta, ṣùgbọ́n bó ti wọ inú yàrá tí wọ́n ti ń fín ọ̀dà, òtútù mú un dé eegun. Kò sí fèrèsé. Baba náà tín-ín-rín bí igi ìdáná, àwọ̀ pupa sì ti wọ abẹ́ èékánná rẹ̀, irú èyí tí ọṣẹ ò lè fọ̀ mọ́.

"Ìwé àwọ̀ wọn ní pupa mọ́kàndínlógójì," ni ó sọ, láìkí i. "Tèmi ni ogójì. Ẹni tó bá rí i, àfi kó rà á. Iye yòówù kó o pè."

"Kí lẹ fi ń pò ó, Baba?"

"Ta lẹ jọ mu ọmú kan náà?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin."

"Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀fọn ń mu jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ṣé kò ní pa á lára?"

Baba Pénítà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò dún. "Ìwọ kọ́ ni òǹtajà? Tí oníbàárà bá bi ẹ́ pé ṣé ọkọ̀ yìí kì í mu epo jù, kí lo máa ń sọ fún un?"

Ẹlẹ́nu-Oyin ò lè gbé ojú sókè. "Mo máa ń ní ó wà lọ́wọ́ ẹni tó bá ń wà á."

"Ohun tí èmi náà máa sọ fún ẹ nìyẹn."

Kò wá ẹ̀jẹ̀ náà jìnnà. Ìka mẹkáníìkì kì í wà láìlọ́gbẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí ló fi ilé ìwé sílẹ̀ kí àbúrò rẹ̀ lè kàwé, ilé kan náà ni wọ́n sì ń gbé pẹ̀lú ìyá wọn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, àtàǹpàkò rẹ̀ ló fi aṣọ wé. Ẹlẹ́nu-Oyin ní òun máa bá a pààrọ̀ aṣọ náà.

"Dókítà mi," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń fi í ṣẹ̀fẹ̀, "rọra o. Ìka yìí ló ń bọ́ wa."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ká aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ náà sínú báàgì rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Baba Pénítà mú un wọ yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn yàrá ọ̀dà. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ àti bọ́nẹ́ẹ̀tì ni wọ́n gbé kọ́ yí ògiri ká, gbogbo wọn pupa, kò sí méjì tó jọra. Ẹlẹ́nu-Oyin fi ẹ̀yìn kan ọ̀kan lára wọn nínú òkùnkùn. Irin náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara èèyàn. Nǹkan kan ń lù kì-kì-kì lábẹ́ irin náà, bí ọkàn tí kò mọ̀ pé ẹni tó ni òun ti kú.

Baba ju aṣọ náà sínú garawa ọ̀dà. Ó fi igi rò ó, ó ń ké:

"Eṣinṣin kì í rí ọgbẹ́ kó yà á. Ọwọ́ kì í kan oyin kó má dé ẹnu. Iná kì í jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kí ojú èrò má bá a lọ. Ojú tó bá bà lé ọ, kó má lè ṣí. Ẹsẹ̀ tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ, kó gbàgbé ilé. Kí olówó tú àpò, kí ọlọgbọ́n sọ ọgbọ́n nù!"

Ọ̀dà náà hó láìsí iná. Ẹnu Ẹlẹ́nu-Oyin kún fún ìtọ́wò irin.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta la ó kùn ún," ni Baba wí. "Èkíní fún ojú. Èkejì fún ọkàn. Ẹ̀kẹta fún àpò, ọjọ́ tí ọlọ́kọ̀ bá fẹ́ gbé e lọ ni tìyẹn."

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti kùn ún nígbà tí oníṣòwò sìmẹ́ǹtì náà wọlé wá.

Ní ọsibítù, dókítà ò mọ ohun tí yóò sọ. "Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ ju ìdajì lọ. Ṣé kò sí ibi tó ti ṣẹ̀jẹ̀?" Kò sí. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ àpò méjì sí i lára. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti gbẹ, bí omi tí wọ́n dà sórí iyanrìn.

Màdáámù ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ náà sójú gíláàsì iwájú títí ọlọ́kọ̀ yóò fi wá gbé e lọ́jọ́ Sátidé, kí ará àdúgbò lè máa wò ó. Èrò pọ̀ níta. Wọ́n ń ya fọ́tò, wọ́n ń fi imú kan gíláàsì. Ní gbogbo ìgbà tí èrò bá pọ̀, ìyá Ẹlẹ́nu-Oyin á pè é láti ọsibítù.

"Ọmọ mi, ó tún ti dákú o. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun bíi pépà."

Ní ìgbà kẹta tó pè, Ẹlẹ́nu-Oyin wo èrò tó wà níta, ó wo ọkọ̀, ó wo fóònù. Ó yé e. Ojú àwọn èèyàn ló ń mu ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n òun.

Ó sáré dé ọ̀dọ̀ Baba Pénítà ní ọjọ́ Ẹtì. "Mo fẹ́ kẹ́ ẹ dá a dúró."

"Ọjà tí a ti tà, a kì í gbà á padà. Ṣebí bẹ́ẹ̀ lẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín?"

"Ẹ gba gbogbo owó náà, Baba! Ẹ̀gbọ́n mi ń kú lọ!"

"Kò tíì kú. Ọ̀la ni." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ìgbà tí òjò máa rọ̀. "Ẹ̀jẹ̀ inú aṣọ ti tán. Ti ẹ̀ẹ̀kẹta, láti inú iṣan rẹ̀ ló ti máa wá, títí kan èyí tó kẹ́yìn. Aago méjìlá ni mo máa fín in. Tó bá ti gbẹ, ó parí."

"Ṣé kò sí ọ̀nà míì ni?"

Ó sún mọ́ ọn. Èémí rẹ̀ ń rùn bí irin tó ti dípẹtà. "Ó wà. Ọ̀dà tí a kùn, èèyàn lè ha á. Ṣùgbọ́n ìwọ lo mú ẹ̀jẹ̀ wá, ara rẹ ló máa bó. Bó o bá ṣe ha á lára ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa bó lára tìẹ." Ó fi ìka kan tọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Wo bí awọ rẹ ti ń dán. Lọ sílé, ọmọ. Gba ìpín rẹ. Èèyàn a máa kú."

Lọ́jọ́ Sátidé, aago mọ́kànlá ààbọ̀, oníṣòwò sìmẹ́ǹtì ti jókòó, ó ń wo ọkọ̀ rẹ̀ láìṣẹ́jú. Màdáámù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Baba Pénítà dé pẹ̀lú garawa kékeré àti ẹ̀rọ ìfín-ọ̀dà rẹ̀. Ẹlẹ́nu-Oyin wọlé láti ẹnu ọ̀nà iwájú. Sáńpépà ni ó mú lọ́wọ́, èyí tó le jù tí wọ́n ní ní gáréèjì ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ó gbé e lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì ha á.

Ìlà eérú kan yọ lára ọkọ̀. Ìlà kan là lọ́wọ́ rẹ̀, láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́, bí ìgbà tí wọ́n bó èèpo ọsàn. Ó ké. Ó tún ha á.

"Orí ẹ dàrú ni?" Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni gbọ́ tí Màdáámù pariwo. "Ẹ mú un kúrò níbẹ̀!"

Ẹ̀ṣọ́ sáré dé, ó gbá a ní èjìká mú. Awọ èjìká náà tẹ̀lé e lọ́wọ́. Ẹ̀ṣọ́ náà jù ú sílẹ̀, ó ń bì.

Ẹlẹ́nu-Oyin ò dúró. Ó ha bọ́nẹ́ẹ̀tì, àyà rẹ̀ bó. Ó ha ilẹ̀kùn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bó. Ọkọ̀ náà gbóná, ó ń kérora bí ẹran tí wọ́n dè mọ́lẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ṣubú, ó fi eékún wọ́ dé ẹ̀yìn ọkọ̀. Orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń pè ní gbogbo ìgbà tó bá ha á.

Baba Pénítà sáré sí ẹ̀rọ rẹ̀ láti fín ti ẹ̀ẹ̀kẹta kí aago tó lù. Kò jáde. Garawa hó. Ọ̀dà náà ò rí ibi tí yóò lẹ̀ mọ́ mọ́, ó sì gbéra, ó gun apá ẹni tó pò ó, ó gba ẹnu rẹ̀ wọlé. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọ̀fun mú. Ojú rẹ̀ yọ síta. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e, ẹnu, imú àti ọ̀fun rẹ̀ ti dí pa, pupa, ó ń dán, ó le bí irin.

Oníṣòwò sìmẹ́ǹtì náà ṣẹ́jú fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó wo ọkọ̀ eérú tó wà níwájú rẹ̀, ó wo ọmọbìnrin tó dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. "Ọlọ́run mi o. Kí ni mo fẹ́ rà?" Ó sá jáde.

Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni ẹ̀jẹ̀ dúró lára ẹ̀gbọ́n Ẹlẹ́nu-Oyin. Ó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní ebi ń pa òun.

Màdáámù ti ilẹ̀kùn ilé ìtajà náà pa láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn ọlọ́pàá ò rí ẹ̀sùn tí wọ́n lè fi kàn án. Kò sí òfin tó de àwọ̀. A gbọ́ pé ó ti ṣí òmíì níbòmíì.

Oṣù mẹ́ta ni Ẹlẹ́nu-Oyin lò nínú báńdéèjì láti ọrùn dé eékún. Wọ́n ti sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kẹ́míkà ló dà lé e lórí. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e dáadáa, ó wá jókòó ti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ń sunkún.

"Ọmọ ìyá mi. Àbí kí ló kàn ẹ́ kan kẹ́míkà?"

Ẹlẹ́nu-Oyin lè dákẹ́. Kò sí ẹni tó lè mọ̀. Ṣùgbọ́n ó sọ ọ́, láti aṣọ ìka títí dé àtẹ́lẹwọ́ funfun, kò fi ọ̀kan pamọ́.

Ẹkún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dáwọ́ dúró.

"Ìyá ò gbọ́dọ̀ gbọ́ eléyìí," ni ó wí. "Á pa á."

Ọwọ́ Ẹlẹ́nu-Oyin ò lè gbé nǹkan, nítorí náà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé ife omi sí i lẹ́nu, ó rọra fún un mu, ó sì nu àgbọ̀n rẹ̀ gbẹ. Lẹ́yìn náà ó dìde. Oṣù tó tẹ̀lé e, ó kó ìyá wọn lọ sí ìlú mìíràn. Nọ́ọ̀sì ló sọ fún Ẹlẹ́nu-Oyin. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò fi àdírẹ́sì sílẹ̀.