Ẹ́ńjìnnì Tó Ń Kú Tó Ń Jí

Ilẹ̀ ti mọ́, ṣùgbọ́n kùrukùru ò jẹ́ kéèyàn rí ìsàlẹ̀ òkè náà dáadáa, níbi tí wọ́n ti bá òkú awakọ̀ lábẹ́ táyà pikọ́ọ̀pù rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kú mọ́ ọn lọ́wọ́ lójú gẹ̀rẹ́, ọkọ̀ ń fẹ̀yìn rìn, ó bẹ́ sílẹ̀, ọkọ̀ sì gùn ún mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ yìí kan náà ni Ìnsípẹ́kítọ̀ ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀, tó sì dáhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan.

Ìyàwó olóògbé ti wà látìmọ́lé. Òun ló da dísẹ́lì sínú táǹkì nírọ̀lẹ́ àná, àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ sì ń pariwo pé ó bomi là á. Bí Ìnsípẹ́kítọ̀ ò bá rí nǹkan mìíràn dìmú lónìí, ilé ẹjọ́ ló kàn. Obìnrin náà ò tilẹ̀ jiyàn, kò sì sunkún. Ó kàn ń béèrè pé ta ló wà lọ́dọ̀ àwọn ọmọ òun.

Wọ́n pe mẹkáníìkì tó máa ń tún ọkọ̀ náà ṣe. Ó ní ó ti tó oṣù mẹ́ta tóun ti fojú kan ọkọ̀ náà gbẹ̀yìn, pé iwin ló ń gbé òkè yẹn. Ìnsípẹ́kítọ̀ ò bá a jiyàn. Ó tú ìdí asẹ́ epo níbi tómi máa ń sùn sí, dísẹ́lì gaara ló jáde, kò sí ẹ̀kán omi kan. Ó wá fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́. Nígbà tó di bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́, ó ń mí gúlegúle bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn, ó sì kú. Nígbà tí wọ́n tún yí kọ́kọ́rọ́, ó jí.

"Ọ̀gá, ṣẹ́ ẹ rí i?" mẹkáníìkì sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Mo rí i. Ẹ bá mi sọ táǹkì kalẹ̀."

Àkísà ńlá kan ló ń léfòó nínú epo. Bí ẹ́ńjìnnì bá fa epo títí, àkísà á lẹ̀ mọ́ ẹnu páìpù. Bó bá kú, àkísà á jábọ́.

Mẹkáníìkì ní ẹnikẹ́ni ló lè kì í bọ̀ ọ́.

"Kò lè gba ẹnu ibi tí wọ́n ń da epo sí," Ìnsípẹ́kítọ̀ ní. "Ìdérí òkè táǹkì ni wọ́n tú." Ó nàka sí nọ́ọ̀tì mẹ́fà tó de ìdérí náà. Ìlà ọ̀dà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Eruku bo gbogbo ara táǹkì, ṣùgbọ́n kò sí lórí ọ̀dà yẹn, wọn ò tíì kùn ún pẹ́. "Mo ti dé ṣọ́ọ̀bù yín. Gbogbo nọ́ọ̀tì tẹ́ ẹ bá dè tán lẹ máa ń fa irú ìlà yìí sí, kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé ó ti le. Ẹlòmíì ò ṣe é ládùúgbò yìí. Iṣẹ́ ibi lẹ lọ ṣe, ọwọ́ yín ò sì gbàgbé."

Mẹkáníìkì wo ọwọ́ ara rẹ̀ títí. Ó ní awakọ̀ náà ti ká òun mọ́ ibi tóun ti ń fọ asẹ́ àlòkù tà bíi tuntun, ó sì fẹ́ sọ ọ́ létí ẹgbẹ́ awakọ̀.

Ìnsípẹ́kítọ̀ fúnra rẹ̀ ló lọ ṣílẹ̀kùn àtìmọ́lé fún obìnrin náà.

"Ọkọ̀ yẹn ńkọ́?" obìnrin náà béèrè.

"Ó ń ṣiṣẹ́."

"Ọkọ̀ wá jí, ọkọ mi ò jí," ó ní, ó sì bú sẹ́kún.